Ojú Mẹ́ta Lórí Káàdì Kan

Káàdì béèsìbọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà èwe mi ni nọ́ńbà 21 nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ jáde ní ọdún 1982. Ojú ọkùnrin mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn nígbà náà, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Orioles ti ìlú Baltimore sì gbójú lé wọn fún ọjọ́ iwájú: Bob Bonner, Cal Ripken àti Jeff Schneider. Ẹni tó bá mọ béèsìbọ́ọ̀lù ti mọ ẹni tí ayé ń tìtorí rẹ̀ náwó lé káàdì náà. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 1982 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, Ripken kópa nínú ìdíje 2,632 láìpa ẹyọ kan jẹ, ó sì kọjá 2,130 tí Lou Gehrig, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́, ti fi lélẹ̀ láti ọdún 1939. Schneider ní tirẹ̀ ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje 11 péré, ọdún 1981 sì ni gbogbo rẹ̀. Kò padà sí Major League, líìgì àgbà béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, mọ́. Bonner bá wọn ṣe é títí di ọdún 1983, lẹ́yìn náà ó fi pápá sílẹ̀, ó di míṣọ́nnárì, ó sì kó lọ sí orílẹ̀-èdè Zambia láti lọ wàásù ìhìnrere.

Nígbà tí wọ́n ń tẹ káàdì yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí orí olúkúlùkù wọn yàn. Orí páálí kan náà ni wọ́n to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, wọ́n sì kọ orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò wọ́n. Títí di òní, bí mo bá yọ ọ́ síta tí mo fi han àlejò, ìka onítọ̀hún á lọ tààrà sórí Ripken. Èmi a máa wo àwọn méjì yòókù. Mo gbà pé nítorí irú wọn gan-an ló ṣe yẹ kí ènìyàn máa kó káàdì jọ, torí pé Ripken kò nílò mi kí a má baà gbàgbé rẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ wá sí Baltimore láti kàwé gíga, màmá mi àti àwa ọmọ sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Ilé tí a gbé kò jìnnà sí Memorial Stadium ní òpópónà 33rd Street, níbi tí Orioles ti ń ṣeré kí wọ́n tó kó lọ sí Camden Yards ní ọdún 1992. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhà ọ̀dọ̀ wa nírọ̀lẹ́, a máa ń gbọ́ ariwo èrò láti inú yàrá. Ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní ìkóríta, páàkì káàdì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì lórí káńtà. Bébà tí wọ́n fi ìda pa ni wọ́n fi dì í, ṣíngọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú sì wà nínú rẹ̀, tí ìyẹ̀fun funfun bò lára, tó le débi pé ṣe ló máa ń kọ́kọ́ fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu kí ó tó rọ̀. Káàdì tí ṣíngọ́ọ̀mù yìí bá fara kàn, àbàwọ́n ni, ìdí sì nìyẹn tí Topps fi yọ ọ́ kúrò nínú páàkì ní ọdún 1992. Mo ṣì ní àwọn kan tí àbàwọ́n náà wà lẹ́yìn wọn, n kò sì ní fi wọ́n pààrọ̀ èyí tó mọ́ tónítóní.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé-ìwé ń wo iwájú káàdì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló mú mi. Ẹ mú káàdì ọdún 1987 kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n tẹ àwòrán pákó yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ sì yí i padà. Nínú àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò lórí páálí tó dúdú díẹ̀, ẹ ó rí bí ọkùnrin náà ṣe ga tó, bí ó ṣe wúwo tó, ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ìlú tó fi ṣe ibùgbé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìlà kan wà fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè ni, àwọn ìlú kéékèèké tó ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ṣe ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn káàdì àwọn ọmọ Orioles ni mo ti kọ́kọ́ ka Bluefield, Hagerstown, Charlotte àti Rochester, tí mo sì lọ ń wá wọn lórí máàpù ńlá tó wà lára ògiri kíláàsì wa. Kí ìyá ẹlòmíràn tó kọ́ ọ ní ibi tí West Virginia wà, mo ti mọ̀ ọ́n, torí pé mo mọ àwọn tó ti rin ìrìn àjò alẹ́ nínú bọ́ọ̀sì gba ibẹ̀ kọjá.

Bàbá mi kò ka káàdì sí nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ó rí i tí mò ń fi iye ìgbà tí agbábọ́ọ̀lù kan dúró láti gbá bọ́ọ̀lù pín iye ìgbà tí ó gbá a dáadáa, kí n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn káàdì náà tọ̀nà. Ó fa àga mọ́ mi. Ó bi mí pé, "Kí ni .300 yìí ń sọ?" Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá a nínú mẹ́wàá, sà." Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀meje yòókù ńkọ́, ó tàsé?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó wo káàdì náà títí, ó tún bi mí pé, "Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá níbí?" Nígbà tí mo dá a lóhùn pé ọ̀gá pátápátá ni, ó rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè pé kí n mú òmíràn wá kí a jọ ṣírò rẹ̀. Àtìgbà náà ni kò ti kọ̀ fún mi mọ́ bí mo bá tọrọ owó páàkì.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ káàdì wà lára ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àwọn tí kò lókìkí. Topps kì í tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Abala páálí ńlá kan ni wọ́n ń to káàdì 132 sí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò gé e. Láti ọdún 1982 títí di 1992, káàdì 792 ló wà nínú sẹ́ẹ̀tì ọdọọdún, èyí tí í ṣe abala mẹ́fà gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn olókìkí eré náà, ní Cooperstown àti ẹni tí wọn yóò dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún tó yí po, ara abala kan náà ni wọ́n ti gé wọn, yíǹkì kan náà ló sì wà lára wọn. Àwa tí ń kó káàdì ń pe àwọn ẹni kejì yìí ní common. Nínú páàkì, àwọn ló máa ń pọ̀ jù; nínú ọjà, àwọn ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó sẹ́ẹ̀tì pé kò lè fò wọ́n. Láìsí nọ́ńbà 613, ẹni tí o kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ihò wà nínú fáìlì rẹ, gbogbo Ripken ayé kò sì lè dí ihò náà.

Ọ̀rọ̀ owó gbà kí n sọ ọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà gbọ́ pé káàdì àtijọ́ ń di owó ńlá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra tuntun ní páálí páálí pamọ́ láti fi rán ọmọ wọn lọ sí yunifásítì lọ́jọ́ iwájú. Láti ọdún 1981 ni Fleer àti Donruss ti ń bá Topps du ọjà náà. Ní ọdún 1989 ni Upper Deck dé pẹ̀lú bébà tó dára jù, ó sì fi ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Ken Griffey Jr. ṣe nọ́ńbà 1. Gbogbo wọn tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1994, tí wọn kò sì ṣe World Series, ìdíje àṣekágbá, lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú kúrò nídìí eré náà àti káàdì rẹ̀ pọ̀. Káàdì ìgbà yẹn wà káàkiri títí di òní, owó tí wọn yóò fi fi í ránṣẹ́ sì lè ju owó tí wọn yóò fi rà á lọ.

Èyí tó di wúrà ni èyí tí kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ tọ́jú. Ní Brooklyn, lórí tábìlì ìdáná ilé rẹ̀, ni Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps, ti gé páálí tó sì lẹ àwòrán mọ́ ọn láti ṣètò sẹ́ẹ̀tì Topps ti ọdún 1952, tí káàdì 407 wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń gbé e jáde láàárín ọdún, ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn sì dé ọjà nígbà tí àwọn ọmọdé ti wọlé ìwé, tí ọkàn wọn ti kúrò nídìí béèsìbọ́ọ̀lù. Káàdì náà jókòó sí ilé ìkẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Berger fi ọkọ̀ ojú omi gbé èyí tó kù lọ sí òkun Àtìláńtíìkì, ó sì dà á nù. Nínú ọ̀wọ́ tó dà nù yìí ni ti gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Mickey Mantle, nọ́ńbà 311, wà, ọ̀kan nínú èyí tí kò bá omi lọ sì ni wọ́n ta ní gbàǹjo ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là.

Látìgbà tí irú iye bẹ́ẹ̀ ti gbòde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi káàdì wọn ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10, tí wọn yóò yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ wò, etí rẹ̀, ara rẹ̀ àti bí àwòrán ṣe dúró láàárín, tí wọn yóò sì dè é mọ́ inú ike líle. N kò lòdì sí i. Èmi náà ní díẹ̀ tí mo rà bẹ́ẹ̀, torí pé ayédèrú pọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ra páàkì tí kò ní í tú láéláé, tàbí tí ń ka máàkì ara ike láìka ẹ̀yìn káàdì. Wọ́n kọ iṣẹ́ ayé ènìyàn kan síbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnìkan kà á.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa, aláwọ̀ dúdú ọmọ Baltimore, tí màmá mi máa ń kúnlẹ̀ kí bí ẹni pé Ìbàdàn la wà, tí òun náà sì máa ń sáré gbé e dìde. Ní ọjọ́ kan, mo kó fáìlì mi lọ hàn án. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá sọ fún mi nípa ẹgbẹ́ kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Baltimore Elite Giants, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣeré ní Bugle Field nígbà tí Major League kò gba aláwọ̀ dúdú láyè. Níbẹ̀ ló ti rí Roy Campanella, ọmọdékùnrin tó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 1948 ni Campanella tó dé Brooklyn Dodgers, ọdún kan lẹ́yìn tí Jackie Robinson ti ṣílẹ̀kùn fún aláwọ̀ dúdú, ọdún 1949 ni Bowman, ilé-iṣẹ́ káàdì mìíràn, sì tó tẹ káàdì rẹ̀. Ju ọdún mẹ́wàá lọ ni ọkùnrin náà fi ṣiṣẹ́ níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ọmọdé kankan kò lè bá ojú rẹ̀ pàdé nínú páàkì ṣíngọ́ọ̀mù. Jàǹbá ọkọ̀ ló sọ ọ́ di arọ ní oṣù kìíní ọdún 1958. Topps tẹ káàdì rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà 550, lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Òun ni mo kọ́kọ́ fi owó iṣẹ́ mi rà.

Láti ọ̀dọ̀ bàbá yẹn ni mo ti kọ́ láti máa béèrè ẹni tí kò sí nínú sẹ́ẹ̀tì. Josh Gibson, ọ̀gá nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú, kú ní oṣù kìíní ọdún 1947, oṣù mẹ́ta ṣáájú kí Robinson tó wọ pápá, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ṣíngọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà kan tó tẹ káàdì rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni Major League tó gbà pé líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú náà jẹ́ líìgì àgbà, nígbà tí wọ́n sì da àkọsílẹ̀ pọ̀ ní ọdún 2024, .372 Gibson ló bọ́ sí òkè gbogbo wọn. Kúbà ló ti kọ́kọ́ ṣe ohun tí Amẹ́ríkà kò ṣe. Àwọn olókìkí aláwọ̀ dúdú máa ń lọ ṣeré níbẹ̀ nígbà òtútù, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì ń tẹ káàdì wọn láìbéèrè àwọ̀ ara: Oscar Charleston wà nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1923 sí 1924. Láti ìpínlẹ̀ Matanzas, níbi tí àwọn Lùkùmí ti ń kọrin fún Ṣàngó àti Yemọja títí di òní, ni Martín Dihigo ti wá, ẹni tí wọ́n gbé sí Hall of Fame ní Kúbà, ní Mẹ́síkò àti ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Minnie Miñoso ti wá, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ White Sox ti Chicago, ní ọdún 1951. Káàdì Miñoso ti 1952, nọ́ńbà 195, wà lọ́wọ́ mi. Igun rẹ̀ ti yípo, ìlà fífọ́ kan sì la àárín rẹ̀ kọjá.

Roberto Clemente ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e, torí orúkọ. Ọmọ Puerto Rico ni, Roberto ló sì ń pe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1957 títí di 1969, "Bob" ni Topps ń kọ sórí káàdì rẹ̀. Ní ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí mo lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé orúkọ mi sí sílébù kan, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ti to káàdì Clemente láti ọdún dé ọdún sínú fáìlì kan, kí ènìyàn lè rí ibi tí Roberto ti padà dé, ní 1970. Ọdún 1972 ni iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa pé 3,000 géérégé. Ní ọjọ́ tó parí ọdún náà, ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ fi kó oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn tí ìsẹ̀lẹ̀ ṣe lọ́ṣẹ́ ní Nicaragua já sínú òkun pẹ̀lú rẹ̀.

Gift Ngoepe ti South Africa ni ọmọ Áfíríkà tí a bí ní ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ dé Major League, pẹ̀lú Pittsburgh Pirates ní oṣù kẹrin ọdún 2017; ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró láti gbá bọ́ọ̀lù náà ló gbá a dáadáa. Mo ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi dìde lórí àga ni ti Demi Orimoloye, ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Kánádà, tí Milwaukee Brewers yàn ní ọdún 2015. Ní ọdún 2018, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Blue Jays ti Toronto láti fi gba Curtis Granderson, àgbà ọ̀jẹ̀. Orúkọ Yorùbá gbọnrangandan lórí káàdì Bowman! Mo fi ìka tọ ọ́ lẹ́tà dé lẹ́tà, mo sì pe màmá mi lórí fóònù láti kà á fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ilé wọn ní Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú. Nínú líìgì kéékèèké ló ti lo gbogbo àkókò tí mo fi ń tẹ̀ lé e, àwọn oníṣòwò sì ń ta káàdì rẹ̀ bí common. Mo ra gbogbo èyí tí mo rí.

Ẹni tí mo máa ń rántí nídìí iṣẹ́ yìí ni Jefferson Burdick ti ìlú Syracuse, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná tí àrùn oríkèé ríro dè lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Òun ló fún káàdì àtijọ́ ní àmì tí a fi ń pè wọ́n títí di òní: T206, fún àpẹẹrẹ, ni àwọn tí wọ́n fi sínú páálí sìgá láti ọdún 1909 sí 1911, tí Honus Wagner wà nínú wọn, èyí tí wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là ní 2022. Burdick fi gbogbo ohun tó kó jọ ta Metropolitan Museum of Art ní New York lọ́rẹ, ó lé ní 300,000, tí káàdì béèsìbọ́ọ̀lù lé ní 30,000 nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń lọ síbẹ̀ láti fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń ro ó lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé, ó parí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1963, ó sì kú ní oṣù kẹta. Nínú ìwé rẹ̀ wọ̀nyẹn, Wagner wà láàárín àwọn tó kù. Kò fún un ní ojú ewé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Sẹ́ẹ̀tì ọdún 1957 ni mò ń lé báyìí. Ọdún yẹn ni Topps sọ káàdì di ìwọ̀n tó ṣì wà títí di òní, íǹṣì méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo ọdún iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn rẹ̀. Káàdì 407 ni, nínú rẹ̀ sì ni àwòrán Hank Aaron tí wọ́n tẹ̀ lódìlódì, tó fi dà bí ẹni pé ọwọ́ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀wọ́ láti 265 dé 352 ló ṣọ̀wọ́n jù. Mo ti ní Brooks Robinson, nọ́ńbà 328, ọmọ Orioles tó lo ọdún mẹ́tàlélógún nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí gbogbo Baltimore ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Àwọn tó kù mí kì í ṣe olókìkí, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ó ṣòro, torí pé àwọn oníṣòwò kì í kó irú wọn wá sí ìpàtẹ káàdì. Tábìlì kéré, Mantle àti Koufax ló ń sanwó tábìlì. Mo máa ń kọ̀wé sí wọn ṣáájú kí wọ́n lè wá wọn jáde nínú páálí ilé wọn. Ní ìpàtẹ tó kọjá, ọkùnrin kan mú méjì wá fún mi. Mo fi awò kékeré yẹ lẹ́tà orúkọ wọn wò, torí pé lára ojúlówó, yíǹkì dúdú lẹ́tà náà máa ń dúró gidi, nígbà tí ti ayédèrú sábà máa ń jẹ́ àkójọ tóótòòtó. Ojúlówó ni méjèèjì. Ó bi mí ẹni tí wọ́n jẹ́, a yí wọn padà, a sì jọ ka ọdún iṣẹ́ wọn kí n tó sanwó. Nọ́ńbà àwọn tó kù wà nínú ìwé kékeré tí mò ń kì sápò. Mo da á kọ fún un, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn.